Òrùlé Líle àbí Òrùlé Aláṣọ: Èwo Ló Yẹ Jeep Wrangler Yín?

Ẹni tó bá fẹ́ ra Jeep Wrangler ní Amẹ́ríkà yóò bá ìbéèrè kan pàdé tí kò sí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn: ṣé òrùlé líle lẹ fẹ́ ni, àbí aláṣọ? Ojú ẹwà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dáhùn. Wọ́n á rí àwòrán ọkọ̀ tí wọ́n ṣí orí rẹ̀ sílẹ̀ létí òkun, ọkàn wọn á fà sí aṣọ. Tàbí kí wọ́n rí èyí tó dúdú minimini tó ń dán, kí wọ́n ní líle ló gbayì. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá wá gba ìmọ̀ràn ni pé: níbo ni ọkọ̀ yìí yóò máa sùn lálẹ́? Ṣé inú gáráàjì tó ní ilẹ̀kùn ni, àbí inú ọgbà tó ní géètì, àbí ìta gbangba níwájú ilé tí ọgọ́rùn-ún èèyàn jọ ń gbé? Ìdáhùn yẹn máa ń yanjú ìdajì ọ̀rọ̀ kí a tó dé orí ariwo, òtútù tàbí owó.

Aṣọ ló kọ́kọ́ wà. Willys MB, baba ńlá Jeep, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1941, kò ní ju kánfáàsì tí wọ́n fi irin tín-ín-rín gbé ró. Land Rover tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1948 náà, kánfáàsì ló wà lórí rẹ̀. Kánfáàsì fúyẹ́, ó ṣeé ká, bó bá sì ya, abẹ́rẹ́ àti òwú tó o. Nígbà tí orúkọ Wrangler dé lọ́dún 1986, wọ́n kò pa àṣà aṣọ yẹn tì. Àmọ́ òrùlé líle alápá mẹ́ta tí ẹ ń rí lójú títì lónìí, ti ìran JK tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007 ni, ọdún kan náà tí Wrangler kọ́kọ́ ní ilẹ̀kùn mẹ́rin. Ìran JL ló gba ipò rẹ̀ láti 2018. Ẹ fi JK àti JL sọ́kàn, nítorí aṣọ ìran méjèèjì kò rí bákan náà rárá.

Ohun tí ẹ ń rà gan-an

Òrùlé líle Wrangler kì í ṣe irin bíi ti Camry. Ike líle ni, irú èyí tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì fún lágbára. Abala méjì iwájú ló bo orí awakọ̀ àti ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ lásán la fi ń tú ìdè wọn láti inú ọkọ̀, kò sì gba ìṣẹ́jú púpọ̀ kí wọ́n tó kúrò. Wọ́n ní àpò tí wọ́n ń wọ̀, ẹ sì lè tò wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀. Abala kẹta ni wàhálà. Òun ló bo gbogbo ẹ̀yìn, pẹ̀lú gíláàsì ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn lára rẹ̀. Bóòtù ló dì í mọ́ ara ọkọ̀, wáyà àti rọ́bà omi sì wọ inú rẹ̀ fún wáípà ẹ̀yìn àti fún iná tó ń yọ́ yìnyín lójú gíláàsì. Ó wúwo ju 100 pọ́n-ùn lọ, ìyẹn kílò 45 sókè, ti onílẹ̀kùn mẹ́rin sì wúwo ju ti onílẹ̀kùn méjì lọ. Ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ dá a gbé, bó ti wù kó lágbára tó. Kì í ṣe ìwúwo rẹ̀ nìkan ni mo ń rò: ó fẹ̀, ó sì gùn, bó bá yọ lọ́wọ́ yín, gíláàsì ni yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀.

Òrùlé aláṣọ ní egungun irin tó ń ká, aṣọ tí wọ́n nà lé e, àti fèrèsé ike rírọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àti ní ẹ̀yìn. Aṣọ náà pé oríṣi méjì. Ọ̀kan jẹ́ fáínììlì, tó dà bí rẹ́sìn tí wọ́n fi ń bo àga. Ìkejì jẹ́ aṣọ híhun tó nípọn, tí wọ́n ń pè ní twill. Twill wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá ariwo dúró ju fáínììlì lọ. Bí owó bá lè ká a, twill ni kí ẹ mú, ẹ má jiyàn pẹ̀lú ara yín.

Lára JK, síìpù ló di àwọn fèrèsé aláṣọ mú. Síìpù yìí máa ń kún fún iyanrìn, ó máa ń le, bó bá sì já eyín, ìyọnu dé. Lára JL, wọ́n yọ síìpù kúrò pátápátá. Ṣe ni etí fèrèsé ń wọnú ojú irin tàbí ike kan, tí ẹ ó sì fà á jáde. Ẹni tó ti bá síìpù JK jà rí láàárọ̀ òtútù yóò mọ ìdí tí mo fi ka èyí sí ìlọsíwájú gidi. Bí ẹ bá ń ra àlòkù, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ ó máa ṣí orí ọkọ̀ léraléra, ọ̀rọ̀ síìpù yìí nìkan tó láti mú yín fi owó kún owó kí ẹ lè ra JL.

Ìkẹta wà tí kì í ṣe líle, tí kì í ṣe aṣọ pátápátá: Sky One-Touch, tó dé pẹ̀lú JL onílẹ̀kùn mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le, orí rẹ̀ jẹ́ aṣọ, mọ́tò iná ló sì ń ká a sẹ́yìn bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì, kódà bí ọkọ̀ bá ń sáré tó máìlì 60 ní wákàtí kan. Ó dára gan-an. Ohun tó ń kọ mí lóminú nípa rẹ̀ ni ẹ̀rọ inú rẹ̀: ohun tí aláàbọ̀ ìmọ̀ bíi tiwa lè fi sípánà tún ṣe lórí aṣọ tàbí òrùlé líle, níbí, ọ̀dọ̀ dílà lẹ máa gbé e lọ.

Olè

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: ọ̀bẹ kékeré ló ń ṣí òrùlé aláṣọ. Bí ẹ ti ilẹ̀kùn pa, ẹni tó bá fẹ́ mú báàgì tó rí lórí ìjókòó yóò la aṣọ tàbí fèrèsé ike, yóò sì mú un lọ. Lórí àwọn JK, kò tilẹ̀ nílò ọ̀bẹ, síìpù ẹ̀yìn ń ṣí láti ìta. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni owó aṣọ tí olè là máa ń ju iye ohun tó gbé lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ni Wrangler aláṣọ fi máa ń fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì, tí wọn kì í sì í fi nǹkan kan sínú ọkọ̀. Wọ́n gbà pé kí olè wọlé, kó rí i pé òfo ni, kó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé ìnṣọ́ránsì yín dáadáa kí ẹ mọ ohun tó sọ nípa ọkọ̀ tí a kò tì.

Àpótí irin oníkọ́kọ́rọ́ wà tí wọ́n ń fi bóòtù kàn mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ tàbí sábẹ́ ìjókòó. Iléeṣẹ́ Tuffy wà lára àwọn tó ń ṣe é. Bí ọkọ̀ aláṣọ yín yóò bá máa sùn níta, ẹ ka owó àpótí yìí mọ́ owó ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé ọkọ̀, kọ̀ǹpútà, oògùn, aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ lára rẹ̀: gbogbo rẹ̀ ni kó máa wọlé pẹ̀lú yín. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà níbí ló ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn àti ilé àwọn arúgbó, ọkọ̀ wa sì ń dúró sí pápá ìgbọ́kọ̀sí fún wákàtí 12 láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, òrùlé líle ni mo máa ń dìbò fún, mi ò ní yí i padà.

Òrùlé líle náà kò dí olè lọ́nà ju ọkọ̀ mìíràn lọ. Òkúta ń fọ́ gíláàsì. Àmọ́ gíláàsì ń pariwo bó bá fọ́. Aṣọ kì í ké.

Ooru, òtútù, ariwo

Lórí márosẹ̀, aṣọ ń pariwo. Bí ẹ bá ti ń sáré kọjá máìlì 60, atẹ́gùn á máa gbá a, fáínììlì ló sì burú jù. Òrùlé líle dákẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ má retí ìdákẹ́rọ́rọ́, nítorí Wrangler fúnra rẹ̀ dúró bí àpótí níwájú atẹ́gùn, táyà rẹ̀ sì ń ké. Ẹni tó ń wakọ̀ láti Maryland lọ New York lóṣooṣù yóò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì lára, pàápàá bó bá ń gba ìpè fóònù nínú ọkọ̀.

Ní ti ooru, ohun kan wà tí àwọn tó ń tajà kì í sọ. Inú òrùlé líle máa ń wà ní ìhòòhò: ike náà ni ẹ ó rí bí ẹ bá gbójú sókè, kò sí aṣọ àjà lábẹ́ rẹ̀ àfi bí ẹ bá san owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú oòrùn Houston tàbí Dallas ní oṣù kẹjọ, òrùlé dúdú tí kò ní aṣọ àjà yóò gbóná mọ́ yín lórí, yálà ó jẹ́ líle tàbí aṣọ. Ẹ ra aṣọ àjà náà. Ó tún máa ń dín ariwo òjò kù, nítorí òjò lórí ike yẹn a máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Òtútù ni líle ti borí láìsí àríyànjiyàn. Fún ẹni tó ń gbé ní Chicago tàbí Minneapolis, iná tó ń yọ́ yìnyín lójú gíláàsì ẹ̀yìn àti wáípà kì í ṣe fàájì, ohun tí ẹ fi ń rí ẹ̀yìn ni. Aṣọ kò ní méjèèjì. Fèrèsé ike tún máa ń le bí òtútù bá mú, bí ẹ bá sì ká a nígbà náà, ó lè sán. Ìwé ìlò Wrangler fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹ má ká aṣọ tàbí fèrèsé rẹ̀ bí ojú ọjọ́ bá tutù ju ìwọ̀n 5 lọ ní Celsius. Yìnyín tó bá sì kó jọ sórí aṣọ, ọwọ́ tàbí ìgbálẹ̀ rírọ̀ ni kí ẹ fi gbá a kúrò. Ṣọ́bìrì yóò ya á.

Omi ń wọ méjèèjì, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ti líle máa ń wọlé níbi tí abala méjì iwájú ti pàdé ara wọn àti ní igun tó kan gíláàsì iwájú, bí rọ́bà ibẹ̀ bá dọ̀tí tàbí tí ẹ kò bá to abala náà dáadáa lẹ́yìn tí ẹ yọ ọ́. Ti aṣọ máa ń gba ojú ìránṣọ àti òkè ilẹ̀kùn wọlé.

Ìgbà mélòó lọ́dún lẹ ó ṣí i?

Ibí ni aṣọ ti gba ipò iwájú, mo sì fẹ́ kí ẹ rò ó dáadáa, nítorí ìdí tí èèyàn fi ń ra Wrangler dípò RAV4 wà níbí. Pẹ̀lú aṣọ, ẹ ó tú ìkọ́ méjì lókè gíláàsì iwájú, ẹ ó ti abala iwájú sẹ́yìn, oòrùn ti dé orí yín nìyẹn, kí iná pupa ìkóríta tó di àwọ̀ ewé. Bí òjò bá ṣú, ẹ ó fà á padà. Ohun gbogbo wà lórí ọkọ̀, ẹ kò fi nǹkan kan sílẹ̀ nílé.

Abala ẹ̀yìn òrùlé líle kò gba irú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀. Ẹ ó wá ẹni tí yóò bá yín gbé e. Ẹ ó wá ibi tí ẹ ó gbé e sí, nítorí kò wọ fúláàtì, àkàbà kò sì gbà á. Àwọn tó ní gáráàjì máa ń so ẹ̀rọ agbẹ́rù mọ́ àjà, kí ó máa fà á sókè. Bí ẹ bá sì ti kúrò nílé láìní i, tí òjò ọ̀sán bá dé, inú òjò lẹ wà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń gbé aṣọ pẹlẹbẹ kan dání tó lè bo orí ìjókòó nìkan. Ohun tí mo rí lọ́dọ̀ àwọn tó ní líle ni pé abala méjì iwájú ni wọ́n ń yọ, ti ẹ̀yìn kì í kúrò. Bí ti iwájú bá tó yín, líle kò fi nǹkan kan dù yín. Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ọkọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́yìn, aṣọ ni.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó bá mú aṣọ: ẹ má ṣe ṣí fèrèsé ẹ̀yìn nìkan kí ẹ sì máa wakọ̀ lọ. Atẹ́gùn tó ń yí lẹ́yìn ọkọ̀ máa ń fa èéfín ẹnjìnnì wọlé sọ́dọ̀ àwọn tó wà nínú ọkọ̀, gáàsì carbon monoxide tó wà nínú èéfín yẹn kò ní òórùn, ó sì ń pànìyàn. Bí ẹ̀yìn bá ṣí, kí ẹ̀gbẹ́ náà ṣí.

Nínú igbó àti lórí àpáta

Lórí ọ̀nà àpáta ní Moab ní Utah, níbi tí àwọn tó ni Jeep ti ń péjọ lọ́dọọdún láti 1967 fún Easter Jeep Safari, ẹ ó rí méjèèjì. Aṣọ fúyẹ́, ìwúwo tó bá sì kúrò lókè ń ran ọkọ̀ tó ń fì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n eruku pupa ibẹ̀ ń wọ inú aṣọ ní gbogbo ihò, ẹ̀ka igi tó bá fara kàn án sì lè ya á. Líle yóò gba ìlà àti ìfarapa. Bó bá sì sán, àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ àti òwú. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àgọ́ tàbí ẹrù sórí ọkọ̀, kó mọ̀ pé aṣọ kò lè gbé nǹkan kan. Àfi férémù irin tó dúró lórí ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Líle náà ní ìwọ̀n tó lè gbà, ó wà nínú ìwé ìlò.

Owó, àti èyí tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà

Líle wọ́n jù. Ìyẹn kò ru èrò sókè. Ohun tí àwọn èèyàn kì í mọ̀ títí yóò fi pẹ́ ni pé àtilọ láti líle sí aṣọ rọrùn, àtilọ láti aṣọ sí líle ló nira. Bí ẹ bá ra ọkọ̀ pẹ̀lú líle, ẹ lè fi owó díẹ̀ ra òrùlé aláṣọ lẹ́yìn ọdún kan. Iléeṣẹ́ bíi Bestop ń ta odindi pẹ̀lú irin rẹ̀, wọ́n sì ń ta aṣọ nìkan fún ẹni tó bá ti ní irin. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ, líle tuntun á ga yín lówó, ti àlòkù sì gbọ́dọ̀ bá ìran àti iye ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín mu: ti JK kò wọ JL, ti ilẹ̀kùn méjì kò wọ mẹ́rin. Àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ mu, àfi bó bá jẹ́ dúdú. Ọkọ̀ tó sì jáde pẹ̀lú aṣọ lè má ní wáyà wáípà àti ti gíláàsì ẹ̀yìn, ẹ ó tún wá ẹni tí yóò fa wáyà náà.

Nítorí náà, fún ẹni tí kò tíì dá ara rẹ̀ lójú, líle ni kó kọ́kọ́ rà. Bó bá sì rí èyí tí Jeep tà pẹ̀lú òrùlé méjèèjì pọ̀, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀ jù, kó má jẹ́ kó lọ.

Ẹ má sì rò pé líle kò lè bàjẹ́. Nígbà tí Ford Bronco, orogún Wrangler, padà dé ní 2021, onílẹ̀kùn méjì rẹ̀ kò ní ju líle lọ, onílẹ̀kùn mẹ́rin sì ń bọ̀ pẹ̀lú aṣọ bí ẹ kò bá fi owó kún un. Òrùlé líle tí wọ́n ṣe fún un lọ́dún yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àbàwọ́n bí omi àti ọ̀rinrin bá bá a, Ford sì kéde pé àwọn yóò pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.

Ìtọ́jú kò le. Aṣọ kò gbọ́dọ̀ wọ ibi ìfọkọ̀ oníbúrọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́, ọṣẹ rírọ̀ àti omi ni. Ẹ má fi omi ìfọ-gíláàsì oní-amóníà nu fèrèsé ike, yóò di bàìbàì. Rọ́bà òrùlé líle ń fẹ́ ìnùmọ́ àti òróró sílíkónì díẹ̀díẹ̀.

Bí ọkọ̀ yóò bá lọ sílé

Àwọn kan ń rà á láti gbé e lọ sí Èkó. Níbẹ̀, èrò mi kò ní ẹ̀ka méjì: líle ni. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lálẹ́ kì í ṣe ibi tí a ti ń fi aṣọ dáàbò bo ara ẹni. Eruku ọyẹ́ á wọ aṣọ, òjò oṣù kẹfà á wá ojú ìránṣọ rẹ̀. Bí aṣọ ilé iṣẹ́ bá sì gbó, ẹ lè rí àwọn tó ń rán àga ọkọ̀ tí yóò fi tapólì ṣe òmíràn, ṣùgbọ́n nínà rẹ̀ àti fèrèsé ike tó mọ́ gaara kì í rọrùn fún wọn láti rí. Bí ẹ bá ti ní aláṣọ tí ẹ sì fẹ́ fi ránṣẹ́, inú kọ̀ńténà ni kí ẹ gbé e sí, má fi sórí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń wa ọkọ̀ wọ̀, tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ yóò ti kàn án kó tó dé Àpápá.

Kí ẹ tó san owó àlòkù

Ẹ mú rọ́bà omi dání, tàbí kí ẹ bẹ ẹni tó ni ọkọ̀ kó fa tirẹ̀. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀, kí ẹlòmíràn da omi sórí igun gíláàsì iwájú àti òkè ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ sókè, ẹ fọwọ́ kàn án lábẹ́. Bó bá jẹ́ líle, ẹ tan wáípà ẹ̀yìn àti iná gíláàsì, ẹ ka bóòtù rẹ̀ bóyá wọ́n pé, ẹ sì yọ abala iwájú méjèèjì kí ẹ tún wọn tò. Bó bá jẹ́ aṣọ, ẹ ká a sílẹ̀ pátápátá, ẹ fà á padà, bó bá sì jẹ́ JK, ẹ ṣí síìpù kọ̀ọ̀kan dé òpin. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá ní kí ẹ má ṣí i, ẹ béèrè ìdí lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó yọ owó.